Ọkọ̀ Ìṣọ́ àti Ọgbà Òkun: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣọ́ Omi ní Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ọgbà òkun ni apá òkun tí ìjọba fi òfin yà sọ́tọ̀, kí ẹja, ẹyẹ, àjàpá òkun àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tó ń gbé ibẹ̀ lè rí ibi bímọ sí, kí ọmọ wọn sì rí ibi dàgbà sí. Ó jọ igbó ìjọba lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó ṣeé la ààlà yí ká. A lè ri òpó mọ́ igun rẹ̀, a sì lè fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Omi kì í gba òpó. Orí máàpù nìkan ni ààlà ọgbà òkun wà, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tó lè dé ibẹ̀, tó sì lè dúró níbẹ̀. Nítorí náà ni ọjọ́ tí wọ́n bá ti ọkọ̀ ìṣọ́ tuntun sínú omi fi máa ń jẹ́ ọjọ́ ńlá fún àwọn tó ń bójú tó irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ ni òfin tó wà nínú ìwé yóò ti ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn.

Èkìtì kò ní etíkun. Ẹni tó bá dúró sí Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì, òrùlé, òkúta àti igbó ni ojú rẹ̀ yóò máa bá pàdé títí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ òkun kò jìnnà sí ìdí ààrò níbẹ̀. Ẹja Títù tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ya kúrò lára yìnyín ní ọjà Ọba, páńlá tí wọ́n fi ń se ẹ̀fọ́, ṣáwá gbígbẹ àti edé tí àwọn ìyá ń fi kọ́ńgò wọ̀n, inú òkun ni gbogbo wọn ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò tó bá rọ̀ sí ilẹ̀ Èkìtì, tó ṣàn wọ odò Ògbèsè, tó sì gba Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá, ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ òkun ló forí lé. Bí ẹja bá tán létíkun, ọbẹ̀ ará òkè náà yóò mọ̀.

Kí ìjọba òde òní tó dé ni wọ́n ti ń ṣọ́ omi. Èèwọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ìgbà náà. Ní Òṣogbo, wọn kì í pẹja nínú odò Ọ̀ṣun níbi tó ti gba inú igbó òrìṣà náà kọjá. Oyè ọba ìlú náà, Àtáọ́ja, inú ìtàn ẹja ló ti jáde: odò rán ẹja sí ọba, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti ọdún 2005 ni UNESCO ti kọ igbó yìí mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ní Guinea-Bissau, níbi tí erékùṣù 88 ti para pọ̀ di Bijagós, erékùṣù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Poilão. Àwọn ará Bijagós kì í gbé ibẹ̀. Àwọn àgbà ló ń pinnu ẹni tó lè fẹsẹ̀ kàn án àti ìgbà tó lè kàn án, nítorí pé ilẹ̀ orò ni. Lórí iyanrìn ibẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjàpá òkun aláwọ̀ ewé ti ń gòkè lóru láti yé ẹyin, kò sì sí ibòmíràn ní Áfíríkà tí irú wọn ti ń yé tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Guinea-Bissau dá ọgbà òkun João Vieira àti Poilão sílẹ̀ ní ọdún 2000, orí ohun tí àwọn àgbà ti ṣe ni wọ́n kọ́ òfin lé.

Ẹni tó bá mọ èèwọ̀ ló máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọ̀gákọ̀ tó ti ilẹ̀ jíjìn wá, tí kò gbọ́ èdè àwọn ará erékùṣù, tí kò sì mọ orúkọ òrìṣà wọn, ẹja nìkan ló rí. Irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú. Àwọn ti Soviet wá, ti Sípéènì àti Japan náà wá. Ní 1985, ọkọ̀ 13 gbéra láti ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn ni àkọ́kọ́ irú wọn tí orílẹ̀-èdè náà rán lọ pẹja lómi òkèèrè, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sì kọrí sí. Ohun tó ń fà wọ́n kò fara sin. Láti Morocco dé Senegal, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́bàá etíkun máa ń ti omi ojú òkun sí apá kan. Omi tútù ti ìsàlẹ̀ á wá gòkè láti dípò rẹ̀, á sì gbé oúnjẹ tó ti rọ̀ sí ilẹ̀ òkun dání. Níbi tí oúnjẹ bá ti gòkè báyìí, ẹja á kóra jọ sí i, ẹyẹ á tẹ̀ lé ẹja, ọlọ́kọ̀ á tẹ̀ lé ẹyẹ.

Ọkọ̀ tí àwọn apẹja etíkun ń ráhùn sí jù ni trọ́là, èyí tó ń wọ́ àwọ̀n bí àpò ńlá lẹ́yìn ara rẹ̀. Pátákó irin méjì ló ń la ẹnu àpò náà, wáyà sì ń fà á lọ lórí ilẹ̀ òkun. Kò sí ohun tó bá pàdé tí kì í gbá wọnú: àgbà ẹja, ọmọ ẹja, àjàpá, koríko omi tí ẹja ń yé ẹyin sí. Bí ó bá fẹ́ wọ ibi tí kò yẹ kó dé, òru ló máa ń wá, á sì pa iná rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, apẹja á bá okùn àwọ̀n tirẹ̀ ní gígé.

Òfin ayé kò tètè bá irú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ìgbà pípẹ́, máìlì mẹ́ta péré láti etíkun ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan, nǹkan bí ibi tí ọta ìbọn ńlá lè dé. Ní 1982, àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òfin òkun fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó ní etíkun ní ẹ̀tọ́ lórí ẹja àti àwọn ọrọ̀ mìíràn títí dé máìlì orí òkun 200, tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 370. Báyìí ni àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ ṣe di olówó omi ní ọ̀sán kan. Omi pọ̀, ọkọ̀ tí wọn yóò fi ṣọ́ ọ ni kò sí.

Èrò yíya apá kan òkun sọ́tọ̀ ti wà ní Áfíríkà kí àdéhùn yẹn tó dé. South Africa dá ọgbà òkun Tsitsikamma sílẹ̀ ní 1964, Kenya sì dá ti Malindi àti Watamu sílẹ̀ ní 1968. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, Mauritania ni ìtàn náà ti rinlẹ̀ jù.

Arguin ni orúkọ ibẹ̀, àwọn Faransé sì ń pè é ní Banc d'Arguin. Àwọn ará Portugal ti dé erékùṣù Arguin láti ọdún 1443, wọ́n sì kọ́ ibùdó òwò síbẹ̀ lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ti ń ra ẹrú àti wúrà. Omi ibẹ̀ kò jìn. Lọ́pọ̀ ibi, ènìyàn lè rìn jìnnà sínú òkun kí omi má mù ún dé àyà. Iyanrìn abẹ́ omi yìí ló gbá ọkọ̀ ogun Faransé kan, Méduse, mú ní oṣù keje ọdún 1816. Nǹkan bí ènìyàn 147 ni wọ́n kó sórí pákó tí wọ́n dì pọ̀, 15 péré ló wà láàyè nígbà tí wọ́n rí wọn. Nígbà náà, omi kò nílò ẹ̀ṣọ́ kankan, nítorí pé ọkọ̀ ńlá ló ń sá fún un.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1976, ìjọba Mauritania sọ Arguin di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 12,000 níbùú àti lóròó, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ aṣálẹ̀, ìdajì tó kù sì jẹ́ òkun. Ní ìgbà òtútù ilẹ̀ Yúróòpù, ẹyẹ tó lé ní mílíọ̀nù méjì máa ń fò wá síbẹ̀ láti jẹun nínú ẹrẹ̀. UNESCO kọ ọgbà náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 1989. Bí ènìyàn bá gbọ́ iye wọ̀nyí, ó lè rò pé ẹyẹ nìkan ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ènìyàn kan wà níbẹ̀.

Imraguen ni wọ́n ń pe àwọn apẹja Arguin, abúlé wọn sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárín aṣálẹ̀ àti omi. Ẹja mullet ni wọ́n ń pa látijọ́. Bí ọ̀wọ́ ẹja náà bá ń kọjá lẹ́bàá etíkun, àwọn ọkùnrin á gbé àwọ̀n lé èjìká, wọn á wọ omi dé ìbàdí, ọ̀kan nínú wọn á sì máa fi igi lu ojú omi. Àwọn dọ́lífíìnì tó wà lókèèrè á gbọ́ ìró náà, wọn á sáré wá. Mullet há sáàárín. Èyí tó bá sá fún dọ́lífíìnì á bọ́ sínú àwọ̀n, èyí tó bá sá fún àwọ̀n á bọ́ sẹ́nu dọ́lífíìnì. Ènìyàn jẹ, ẹranko omi jẹ. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ láti máa lo ọkọ̀ pákó onígbòkun tí àwọn ará erékùṣù Canary mú wá, èyí tí wọ́n ń pè ní lanche.

Orí ọkọ̀ onígbòkun yìí ni òfin ọgbà náà dúró lé. Àwọn Imraguen nìkan ló lè pẹja nínú rẹ̀, lanche 114 péré ni òfin sì gbà láyè. Kò sí apẹja tó gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì wọ ibẹ̀. Nínú gbogbo ìlànà tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ fún ọgbà òkun, èyí wà lára àwọn tó mọ́gbọ́n dání jù, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ ìṣọ́ di ohun tí etí lè ṣe. Nínú omi tí afẹ́fẹ́ nìkan ti ń gbé ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ ìṣọ́ nìkan ló yẹ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún. Bí òmíràn bá dún, olè ni. Apẹja tó dùbúlẹ̀ nínú lanche lóru á ti mọ̀ kí ẹ̀ṣọ́ tó mọ̀.

Nǹkan kò fìgbà gbogbo dán mọ́rán níbẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn oníṣòwò tó ń ta lẹbẹ àkùràkúdà fún ọjà Éṣíà kó owó dé àwọn abúlé náà. Àwọn Imraguen pàápàá gba àwọ̀n àkùràkúdà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì wọ gbèsè. Kò pẹ́ tí àkùràkúdà ńlá fi ń ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ìjíròrò ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàárín àwọn abúlé àti àwọn alákòóso ọgbà, wọ́n fẹnu kò ní 2003 pé kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì, wọ́n sì kó àwọ̀n sílẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ìṣọ́ ló ṣe èyí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọkọ̀ tó ń lé àwọn apẹja láti òde sẹ́yìn, ta ni yóò gbà láti kó àwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ fún àlejò láti wá pa ohun tó kù? Nínú àwọn ọkọ̀ ìṣọ́ Arguin, òṣìṣẹ́ ọgbà, ẹ̀ṣọ́ etíkun ìjọba àti ọmọ Imraguen ló máa ń jọ jókòó. Ẹ̀ṣọ́ ìjọba ló ní àṣẹ láti mú ènìyàn. Ọmọ Imraguen ló mọ ibi tí iyanrìn wà lábẹ́ omi.

Ọkọ̀ ìṣọ́ á kọ́kọ́ wo rádà. Bí ó bá rí ohun kan níbi tí kò yẹ, á pè é lórí rédíò, á sì sún mọ́ ọn láì gba iwájú rẹ̀ kọjá, nítorí pé ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n kò lè ṣàdédé dúró. Wọn á sọ ọkọ̀ rọ́bà kékeré kan kalẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mélòó kan á wọ̀ ọ́, wọn á fi ara kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá náà, wọn á sì gun àkàbà okùn lọ sókè nígbà tí ìgbì bá gbé wọn sókè, nítorí pé ẹni tó bá gùn ún nígbà tí ìgbì ń lọ sílẹ̀ lè há sáàárín ọkọ̀ méjèèjì. Lórí ọkọ̀, wọn á béèrè ìwé àṣẹ àti ìwé tí ọ̀gákọ̀ ń kọ iye ẹja sí. Wọn á yọ irin pẹlẹbẹ kan tó tín-ín-rín lórí tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, wọn á tì í bọ ojú àwọ̀n kan, òmíràn, àti òmíràn. Ibi tí irin náà bá ti há ni ìwọ̀n ojú àwọ̀n. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan máa ń rán àwọ̀n olójú wínníwínní mọ́ inú èyí tó bófin mu, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ tó gbọ́n á ti ọwọ́ bọ inú àpò náà kó tó gbà gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn á ṣí yàrá yìnyín. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà, wọn á darí ọkọ̀ náà lọ sí èbúté.

Owó epo ló ń dá iṣẹ́ yìí dúró jù. Orílẹ̀-èdè òkèèrè lè fi ọkọ̀ tuntun ta orílẹ̀-èdè kan lọ́rẹ, kí wọ́n ya fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sómi, kí ọkọ̀ náà sì so mọ́ èbúté títí tí ìpẹtà á fi mú un, nítorí pé kò sí owó dísẹ́ẹ̀lì àti ti àtúnṣe.

Gabon gba ọ̀nà mìíràn. Ìtàn tirẹ̀ sì so mọ́ ọkọ̀ kan tó gbé orúkọ Èkó káàkiri ayé. Thunder ni ọkọ̀ náà, olè ẹja tí Interpol ń wá, tó ti pa orúkọ dà lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 2014, ọkọ̀ Bob Barker tó jẹ́ ti Sea Shepherd, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹ̀dá òkun, bá a ní òkun gúúsù lẹ́bàá ilẹ̀ yìnyín Antarctica. Àsíá Nàìjíríà ló fò lórí rẹ̀, “Lagos” ló sì wà ní ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èbúté tó ti wá. Bob Barker tẹ̀ lé e fún ọjọ́ 110, láti òkun yìnyín títí dé omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nàìjíríà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń lépa rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2015, Thunder rì sómi São Tomé. Àwọn tó ń lépa rẹ̀ náà ló kó àwọn 40 tó wà nínú rẹ̀ yọ. Àwọn kan lára wọn gun ọkọ̀ tó ń rì náà, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀kùn tó yẹ kó wà ní títì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rì ni wọ́n so ní ṣíṣí sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ São Tomé dá ọ̀gákọ̀ náà àti méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́bi, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 15 owó euro.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 2016, Bob Barker kan náà wọ omi Gabon. Gabon ti dá ọgbà orílẹ̀-èdè 13 sílẹ̀ ní 2002, Mayumba wà lára wọn, níbi tí àjàpá òkun tó tóbi jù láyé ti ń gòkè wá yé ẹyin. Sea Shepherd mú ọkọ̀, epo àti àwọn atukọ̀ wá. Ìjọba Gabon kó ọmọ ogun ojú omi àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ẹja wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ Gabon ni àṣẹ wà. Ní 2017, orílẹ̀-èdè náà kéde ọgbà àti ibi ìdáàbòbò 20 lójú òkun, tí gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 53,000 níbùú àti lóròó, tó lé ní ìdá mẹ́rin omi rẹ̀. Liberia náà gba irú ètò yìí ní ọdún kan náà. A lè bi ara wa léèrè bóyá ó yẹ kí ẹgbẹ́ àlejò ni yóò máa pèsè ọkọ̀ fún ìjọba tó ní omi. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n ẹja kì í dúró de ìgbà tí owó ìjọba bá tó.

Ọkọ̀ kékeré náà ń ṣe gudugudu méje. Ní gúúsù Sierra Leone, láti 2010, ẹgbẹ́ Environmental Justice Foundation fún àwọn apẹja ní ọkọ̀ kékeré kan, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà lójú omi. Àwọn apẹja fúnra wọn ló ń ya fọ́tò trọ́là tó bá wọ omi tí òfin yà sọ́tọ̀ fún wọn. Títí di 2012, ẹ̀sùn tí wọ́n kó jọ lé ní 200. Láti 2016, ẹnikẹ́ni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tún lè wo ibi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹja wà láyé lórí Global Fishing Watch, nítorí pé sátẹ́láìtì ń gba ìró ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ńlá ń gbé. Àmọ́ ẹ̀rọ yẹn ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹni tó bá pa á ni ọkọ̀ ìṣọ́ ṣì gbọ́dọ̀ lọ wá rí.

Nàìjíríà ní etíkun tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 853, ó sì mọ ọkọ̀ ìṣọ́ kàn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2012, ààrẹ Goodluck Jonathan fi NNS Andoni lọ́lẹ̀ ní Èkó, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 31, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn kọ́ ní ibùdó ọkọ̀ ọmọ ogun ojú omi níbẹ̀. NNS Karaduwa tẹ̀ lé e ní 2016, NNS Oji sì dé ní 2021. Odò kan ní Katsina ló ń jẹ́ Karaduwa, lẹ́bàá aṣálẹ̀, tó jìnnà sí òkun ju Èkìtì lọ. Orúkọ rẹ̀ ń yí òkun ká báyìí. Ní 2021 kan náà ni ètò Deep Blue bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá méjì àti ọkọ̀ asáré 17. Àwọn ajalèlókun àti àwọn olè epo rọ̀bì ni wọ́n kó gbogbo èyí jọ fún. Páàkì orílẹ̀-èdè méje tí Nàìjíríà ní fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti Kainji dé Cross River, kò sí èyí tó jẹ́ ti òkun nínú wọn.

Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni òfin ẹja òkun ti 1992, tó ka pípẹja pẹ̀lú trọ́là léèwọ̀ láàárín máìlì orí òkun márùn-ún sí etíkun, kí àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré, àwọn Ìlàjẹ ní Oǹdó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dé Èkó, lè rí ibi da àwọ̀n sí. Kò sí òpó lórí máìlì márùn-ún náà, kò sì sí òfin onígbòkun bíi ti Arguin níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ọkọ̀ apẹja ń lò, òun náà ni trọ́là ń lò, òun náà sì ni ọkọ̀ ọmọ ogun ń lò. Apẹja Ìlàjẹ tó bá gbọ́ ìró lóru gbọ́dọ̀ tan iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lu ojú omi, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i, kó sì máa retí títí yóò fi mọ èyí tó jẹ́.